Bóòdù Thomas Lójú Ọ̀nà Ẹ̀gbẹ̀

Thomas kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n láti Kàbà dé Ògìdì, kò sí ẹni tí lẹ́tà rẹ̀ gún tó tirẹ̀ lára bóòdù. Bí o bá ti kọ ohun tí o fẹ́ sórí ìwé fún un, á fi ọ̀dà yà á gẹ́lẹ́ bí o ṣe kọ ọ́, á sì máa súfèé. Bí o bá ṣì í kọ, ẹrù tìrẹ nìyẹn.

Ìyá rẹ̀ nìkan ló ń já a láyà. Yéjídé ti lé ní àádọ́rin ọdún, ìbàdí ń dùn ún, òfì tó fi ń hun aṣọ sì wà nílé àbúrò rẹ̀ ní òdìkejì títì. Láràárọ̀ ló ń sọdá, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń ti Ẹ̀gbẹ̀ bọ̀ kò mọ jẹ́jẹ́ rárá. Lọ́dún 1956, ọ̀kan sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ débi pé gèlè rẹ̀ bá ọkọ̀ lọ sí Kàbà. Thomas bẹ̀ ẹ́ kó gbé òfì wá sílé. Ìyá ní òfì kì í ṣe ewúrẹ́ tí à ń fà káàkiri.

Ni Thomas bá ní òun á kọ bóòdù tí yóò bá àwọn dírẹ́bà wí lédè ìjọba. Ó tọ Jethro lọ, tíṣà ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ jáde. Jethro kọ ọ́ fún un: DRIVE SLOWLY. Wọ́n ri bóòdù mọ́ ẹ̀bá títì. Kò pẹ́ tí Bàbá Philip fi dé, ẹni tó bá àwọn òyìnbó la ọ̀nà rí.

“Ta ló so ìrù mọ́ ọ̀rọ̀ yìí?” ó bèèrè. “DRIVE SLOW ni òyìnbó tèmi ń kọ. Ojú mi ló ṣe.”

Jethro kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ kó tó ta kò ó. “Ẹ má bínú, bàbá. Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ni. Ẹ mú ọ̀rọ̀ àpèjúwe, ẹ so LY mọ́ ọn nídìí, ó parí. Òfin ni.”

“Kí ló dé tí ẹ̀yin tíṣà kì í ní kí ọmọ sáré FASTLY?”

Jethro tún dọ̀bálẹ̀, ó ní òfin ṣì ni.

Bí ìlú ṣe pín sí méjì nìyẹn. Nírọ̀lẹ́, Thomas á fi kẹrosíìnì nu LY kúrò fún Bàbá Philip. Láàárọ̀, á dá a padà fún Jethro. Wọ́n tún dé orí ìfiwéra: bí dírẹ́bà bá ní láti rọra ju ti àná lọ ńkọ́, ṣé SLOWER ni àbí MORE SLOWLY? Sùlèímánì, oníṣòwò aṣọ, ní ìyẹn ò le.

“Ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì,” ó ní. “Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ làwa ń wí. Sannu-sannu ni Haúsá ń wí. Ẹ̀ẹ̀kan ò tó.”

Ẹ̀rín pa wọ́n. Ọkọ̀ akẹ́rù kan dé, ó fọn fèrè títí, kò sẹ́ni tó yà fún un. Ìbráhímù tó wà á sọ̀ kalẹ̀ tìbínú-tìbínú, ó bèèrè ohun tí bóòdù wí, torí òun náà kò mọ̀wé. Kò pẹ́ tó fi ń fi gbogbo ẹnu jà fún LY. Àárín ariwo yẹn ni Yéjídé gbà sọdá, jẹ́jẹ́.

“Okun o, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé,” ó kí wọn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ọkọ̀ fi ń dúró fún àríyànjiyàn wọn, inú Thomas sì ń dùn ṣìnkìn. Àfi lọ́jọ́ kan tí Bàbá Philip ní ó ti rẹ òun, kí LY máa wà níbẹ̀. Jethro gbé obì lọ fún un, wọ́n jọ jẹ ẹ́, kálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Títì dá wáí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ kan ré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bóòdù fìrì, Yéjídé sì ṣubú sínú koríko. Kò fara pa. Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tí Thomas gbé e dìde, ṣùgbọ́n Thomas kò bá a rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ará ìlú lọ sóko, Thomas mú àkísà àti kẹrosíìnì, ó nu LY kúrò mọ́ féfé. Lẹ́yìn náà ló gba ilé Bàbá Philip lọ.

“Okun o, bàbá,” ó ní. “Mi ò bá tí wí, àmọ́ mo gbọ́ pé Jethro ń sọ káàkiri pé òyìnbó tiyín ò mọ̀wé.”

Kí oòrùn tó wọ̀, èrò ti kún títì bámúbámú, ọkọ̀ mẹ́ta sì ti dúró. Yéjídé ń sọdá bọ̀ wálé.