Ta Ló Ń Pa Rédíò Mi Lẹ́nu Mọ́?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ro ohun tí ojú mi rí ní Àrámọkọ níbí fún yín. Títí di báyìí, ojú ṣì ń tì mí.

Ẹ mọ̀ pé mo ní rédíò kan tí kọ̀ǹpútà ń darí. Kì í ṣe èyí tí à ń gbọ́ ìròyìn nínú rẹ̀ o! Èyí ń fi àmì ránṣẹ́ ni. Ọ̀rẹ́ mi Súlè, tó ń ra kòkó ní Èrìò, ló bá mi gbé àwọn àpótí kéékèèké tó ń gba àmì náà sí oko àwọn àgbẹ̀. Bí mo bá rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé òjò ń bọ̀, màá fi àmì ránṣẹ́, àpótí á dún, àgbẹ̀ á sì yára kó kòkó tó sá sóòrùn.

Nítorí bátìrì, ṣe làwọn àpótí yìí máa ń sùn. Aago méjìlá ọ̀sán ni wọ́n ń jí, wọ́n á tẹ́tí díẹ̀, wọ́n á tún sùn. Nítorí náà, méjìlá géérégé ni rédíò mi gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Kò gbọdọ̀ yá, kò gbọdọ̀ pẹ́.

Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àfi bó ṣe dédé yadi! Òjò ń pa kòkó, àpótí ò dún. Kòkó ń bu. Àwọn àgbẹ̀ ní bó bá tún ṣẹlẹ̀, kí n wá kó àpótí mi kúrò lóko àwọn.

Mo yẹ ẹ̀ríàlì wò, mo pààrọ̀ wáyà. Kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Lẹ́tà L kan ṣáá ló máa ń yọ lójú kọ̀ǹpútà bó bá di méjìlá. Mi ò kà á sí. Ọkàn mi ti lọ sọ́dọ̀ èèyàn.

Ta ló máa jèrè bí kòkó bá bu? Ṣebí ẹni tó ń rà á ni! Kòkó tó bu, iye tó bá wù ú ló máa dá lé e. Ta ló sì ní kọ́kọ́rọ́ àpótí lọ́wọ́? Súlè! Ìfura loògùn àgbà, àbí irọ́ ni?

Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ìṣe rẹ̀ ló ń fu mí lára. Bó bá pè mí, mo ní ó ń tọpinpin. Bí kò bá pè, mo ní ó ń sá fún mi. Òjò pa kòkó Alhaji, bàbá tó bí i, ìyẹn náà bu. Ẹ mọ ohun tí mo rò? Mo ní ó fi ti bàbá rẹ̀ bojú ni, kí a má baà fura sí i! Ẹ ò rí ayé mi bí?

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Èrìò. Lójú àwọn àgbẹ̀, mo ní kí Súlè kó kọ́kọ́rọ́ fún mi. Mo tún pòwe lé e: kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Mo rò pé á pariwo. Ó kó o lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ó dáa, Délé." 

Lọ́jọ́ kejì, kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi, L tún yọ! Àgbẹ̀ kan pè mí pé àpótí ò dún. A jẹ́ pé kì í ṣe Súlè!

Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ìtumọ̀ L lọ. Àṣé "late" ni, rédíò ń wí fún mi pé àṣẹ mi pẹ́! Kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, lójú tirẹ̀, méjìlá ti kọjá, ó sì ń jù ú nù. Mo wo aago inú rẹ̀, ó yá ju ti kọ̀ǹpútà lọ. Bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ tí mo bá tàn án, aago kọ̀ǹpútà yìí kan náà ló ń wò dá tirẹ̀. Ta ló wá ń fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mi láàárọ̀?

Mo lúgọ sẹ́yìn kọ́tìnnì nínú ilé ara mi. Lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, Màámi wọlé pẹ̀lú àkísà ìnulẹ̀.

Tíṣà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì ni Màámi, àtìgbà yẹn ni wọ́n ti ń bá mi nu yàrá láàárọ̀. Gbogbo aago ilé wa ni wọ́n máa ń tì síwájú, kí a má baà dé ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn orin àkọ́kọ́. Wọ́n nu kọ̀ǹpútà, wọ́n tàn án, wọ́n wo aago ara ògiri, wọ́n sì ti aago kọ̀ǹpútà náà síwájú!

Mo yọ sí wọn. Wọn ò tiẹ̀ ta gìrì. "Ẹ̀rọ rẹ yìí è é gbọ́ o! Ojoojúmọ́ ni mò ń bá ọ tún un ṣe, bó bá di ọ̀sán á tún padà sẹ́yìn. Gbogbo aago ulé yìí ló bára mu, òun nìkan ló ya ọlọ̀tẹ̀!"

Ẹ gbà mí! Bí mo bá so íńtánẹ́ẹ̀tì láti wo ojú ọjọ́, kọ̀ǹpútà á tún aago rẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀. Rédíò ò mọ̀. Aago Màámi ló ṣì ń lò!

Èmi àti Màámi la jọ lọ bẹ Súlè. Bí Màámi ṣe fẹ́ máa bẹ̀ ẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ fún wọn. "Ẹ má bẹ̀ mí, Màámi. Ẹ̀yin ṣèèṣì ni." Ó wá yíjú sí mi. "Ìwọ ò ṣèèṣì, Délé."

Ó gba kọ́kọ́rọ́ padà lọ́wọ́ mi nítorí kòkó àwọn èèyàn. Ní báyìí, mo ń so íńtánẹ́ẹ̀tì kí n tó tan rédíò, àpótí sì ń dún.

Ìfura loògùn àgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lò ó nínú ilé tiyín kí ẹ tó gbé e lọ sílé ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta lẹ ti fẹ̀sùn kàn rí, tó wá jẹ́ pé inú ilé yín lọ̀rọ̀ wà? Báwo lẹ ṣe bẹ̀ ẹ́ tó fi gbà? Ẹ kọ ọ́ síbí, mo nílò rẹ̀ gan-an. Tẹ́lẹ̀, bí àpótí bá ti dún, àwàdà Súlè lórí fóònù kì í jẹ́ kí n jẹun ọ̀sán. Ní báyìí, "Ó dún" nìkan ló ń kọ sí mi.