Clovis Ledbetter, Ìbínú Rẹ̀ àti Ìbọn Noreen

Ìtàn fáìsì ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń sọ tí wọ́n bá ti dárúkọ olóògbé Clovis Ledbetter, torí náà ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ kúrò nílẹ̀. Dwight Massey, tó ń ta oúnjẹ ẹṣin fún gbogbo àgbègbè wa, tó sì dá a lójú pé òun ti mọ ohun gbogbo tán láyé, ló já wọ ṣọ́ọ̀bù tí Clovis ti ń tún ìbọn ṣe láàárọ̀ Sátidé kan. Ó ju ìbọn ìléwọ́ kékeré kan sórí tábìlì. Ó ní ojú ìbọn náà wọ́. Ojú ìbọn ni irin kéékèèké méjì tó wà lórí ẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, tí èèyàn máa ń wò kí wọ́n bára mu kó tó yìn ín.

"Gbogbo ọta ló ń lọ sísàlẹ̀ lápá òsì," Dwight ní. "Yọ ìranù yìí kúrò, kó o fi òmíì sí i."

Clovis mú ìbọn náà, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ síbi òkìtì yẹ̀pẹ̀ tó ti máa ń dán ìbọn wò, ó yìn ín títí ọta fi tán, ó sì já bébà tó yìn ín sí wálé. Àárín àmì dúdú tó wà lára bébà ni gbogbo ihò náà wà, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gun ara wọn.

"Kò sóhun tó ṣe ojú ìbọn ẹ," Clovis ní. "Ìka ẹ ló wọ́. Gbé e wá." Ó wá ṣí ẹnu fáìsì, irin ńlá tó fi ń há iṣẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì dúró tì í. "Mo ní kó o gbé ìka wá, Dwight! Ṣebí àtúnṣe lo bá wá?"

Dwight rò pé àwàdà ni. Ìgbà tí Clovis gbá ọwọ́ ẹ̀ mú ló tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Ó já ara ẹ̀ gbà, ó sá jáde, ó sì gbàgbé fìlà ẹ̀ síbẹ̀. Ìtìjú ò jẹ́ kó lè padà wá mú un.

Kí ni kì í bí ọkùnrin yìí nínú? Òjò ń bí i nínú, ọ̀dá náà ń bí i nínú. Tí ẹnì kan bá da mílíìkì sí kọfí lójú ẹ̀, ó di ìjà. Verna ìyàwó ẹ̀ máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, àfàìmọ̀ kó má ti bá agbẹ̀bí wọ̀yá ìjà. Ṣùgbọ́n àwọn tó máa ń bí i nínú jù ni àwọn tó bá rí àwòrán ojú ìbọn nínú fóònù, tí wọ́n á wá sáré wá pé àwọn náà ń fẹ́ ẹ.

Pásítọ̀ Gentry wà lára wọn. Inú àpò ṣòkòtò ni Pásítọ̀ máa ń gbé ìbọn tiẹ̀ sí, ojú tó wá rà fún un sì ga bí àjà òkè, ó ń tàn lọ́sàn-án, ó ń tàn lóru, tiwájú tẹ̀yìn.

"Ta lẹ fẹ́ yìn ín fún, Pásítọ̀, ṣé ọkọ̀ òfúrufú ni?" Clovis bi í. "Ìbọn kékeré rèé. Ẹ ò lè gbé fìlà bàbá arúgbó wọ ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ! Kí tiwájú máa tàn, kí tẹ̀yìn dúdú, kí méjèèjì sì rẹlẹ̀. Ó tán."

"Arákùnrin Clovis, èmi ni mo ni ìbọn o."

"Ẹ̀yin lẹ ni ín lóòótọ́. Ó yá, ọta ò sí nínú ẹ̀, ẹ fi sápò, kẹ́ ẹ fà á yọ bí ẹni tí olè ká mọ́nú ilé."

Pásítọ̀ fi sápò. Ó fà á. Ojú ìbọn há mọ́ aṣọ inú àpò, àpò tú síta bí ahọ́n ajá, gbogbo súìtì tí Pásítọ̀ máa ń pín fáwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi sì fọ́n ká ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Clovis mú súìtì kan nílẹ̀, ó bó o, ó jù ú sẹ́nu. Ó ní, "Olè ti pa yín, ó sì ti ń jẹ súìtì yín."

Gbogbo èyí dùn-ún sọ. Noreen, ọmọbìnrin ẹ̀ kan ṣoṣo, ni kí ẹ bi bó ṣe rí kéèyàn máa bá a gbélé. Ẹ̀ṣọ́ ni Noreen ní ọgbà ẹ̀wọ̀n àgbègbè wa. Ọkọ ẹ̀ ti bá tiẹ̀ lọ, iṣẹ́ náà ló fi ń tọ́ ọmọbìnrin méjì. Lọ́dọọdún, àwọn ẹ̀ṣọ́ gbọ́dọ̀ yege ìdánwò ìbọn yíyìn, ẹni tó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì, kó dá aṣọ iṣẹ́ padà ni. Lọ́dún tí à ń wí yìí, wọ́n fún wọn ní ìbọn kékeré tuntun, wọ́n sì gbà kí wọ́n pààrọ̀ ojú ẹ̀. Ta ni Noreen tún máa gbé e lọ bá, bí kò ṣe bàbá ẹ̀?

Àwọn alátùn-únṣe yòókù ti ra ẹ̀rọ tó ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ti ojú ìbọn sáyè ẹ̀, wọ́n á sì tún wọ̀n ọ́n. Clovis ò fẹ́ gbọ́. Òòlù ẹ̀ ni, àti ọ̀pá idẹ kékeré tó fi ń gbá a kí irin má bàa họ. "Ojú mi ni rúlà mi," ló máa ń wí. Ó gbá ti Noreen wọlé, ó ní ó ti dọ́gba. Noreen lọ sí ìdánwò, ọta ń ya sósì. Ó fìdí rẹmi. Sájẹ́ńtì Tate tó ń ṣètò ìdánwò náà ní kó padà wá lọ́jọ́ Ẹtì.

"Dádì, ojú ìbọn yẹn wọ́," Noreen wí bó ṣe wọlé.

"Ìka ẹ ló wọ́."

"Ẹ má bá mi sọ ti ìka! Èmi kọ́ ni Dwight Massey. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níbọn yíyìn!"

"O ti gbàgbé nìyẹn."

"Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́, iṣẹ́ mi fẹ́ bọ́! Kí làwọn ọmọ yìí máa jẹ? Ṣé ìgbéraga yín ni kí n máa sè fún wọn?"

Inú ń bí Noreen. Ọmọ ẹni kì í jọni ká tún máa jiyàn, ìbínú kan náà ló wà lára àwọn méjèèjì. Noreen wọ́ àpò yẹ̀pẹ̀ méjì lọ sẹ́yìnkùlé, ó gbé ìbọn lé wọn kó má bàa mì, ó rọra yìn ín títí ọta fi tán. Ó já bébà, ó fi lu àyà bàbá ẹ̀.

"Ẹ wò ó! Ibì kan náà ni gbogbo ẹ̀ bà, lápá òsì. Ṣé ìka tó bá wọ́ ló máa ń lu ojú kan náà?"

Clovis gba bébà. Ó gbé e jìnnà, ó gbé e súnmọ́ imú. Ó gbé e lọ síbi wíńdò, ó yí i po, ó tún yí i padà. Noreen ti fẹ́ la ẹnu tún pariwo, kó tó rí ohun tí bàbá ẹ̀ ń ṣe. Ó ń wá ibi tí ihò wà.

"Dádì. Ẹ ò rí i."

"Mo rí i."

"Ibo ló wà?"

Clovis ká bébà náà méjì. "Bébà ayé ìsìnyí ò dáa," ló sọ.

Verna ti ń gbọ́ wọn láti kíṣíìnì. "Clovis, láti Kérésì lo ti ń da iyọ̀ sínú kọfí!"

"Mo ti sọ fún ẹ pé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń fẹ́ ẹ!"

Ìbínú Noreen ò lọ, àmọ́ kò mọ ẹni tó máa bínú sí mọ́. Ó ń wo bàbá ẹ̀, àánú ẹ̀ ń ṣe é, ó sì ń ṣe é bíi pé kó gbá a létí. Clovis fa òòlù tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn nínú ilé yẹn, ó nà án sí i.

"Òsì lọta ń yà sí. Apá ibo la máa gbá ojú ẹ̀yìn sí?"

"Apá ọ̀tún."

"Kí lo wá ń wò mí fún? Gbá a! ... Ṣé ìyẹ́ adìẹ lo fi ń gbá a ni? Mo ní gbá a!"

"Mò ń gbá a, Dádì! Ẹ fi mí sílẹ̀!"

Wọ́n gbá, wọ́n yìn, wọ́n tún gbá, wọ́n bú ara wọn títí ilẹ̀ fi ń ṣú lọ. Nígbà tó yá, Noreen fún un ní bébà tó kẹ́yìn. Clovis ò gbé e sójú mọ́. Ó fi ìka wá a kiri títí ó fi kan ihò náà láàárín gbùngbùn. "Hẹn-ẹ́n," ó ní. "Ó ti wà níbẹ̀."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Noreen yege. Ó pe ilé láti fi tó wọn létí, bàbá ẹ̀ sì fi igbe gba fóònù: "Kí lò ń pè mí sí? Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni?" Ó gbé e sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Verna tó sọ pé láti òwúrọ̀ ni Clovis ti dúró ti fóònù, kò jẹun, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kàn án.

Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ojú. Oníṣègùn ní kó ka lẹ́tà tó wà lára ògiri, Clovis ní ilé ìwé kọ́ lòun wá, ó sì jáde. Iṣẹ́ abẹ kékeré ló máa la ojú ẹ̀ o! Ẹ wo orí kunkun! Noreen bínú, ó ké, ó bẹ̀ ẹ́, ó sú u. Láti ìgbà náà, tó bá ti ti ibi iṣẹ́ dé, òun ló ń fi ojú sí ìbọn gbogbo èèyàn, bàbá ẹ̀ á sì jókòó sórí àga, á máa bú u. Àwọn oníbàárà rò pé ó ń kọ́ ọ níṣẹ́ ni, pé Clovis fúnra ẹ̀ ló ń parí iṣẹ́. Wọ́n á ní, "Noreen, o mà ń fara dà á o." Noreen ò sọ nǹkan kan fún wọn.

Orí àga yẹn ló kú sí nígbà ìrúwé tó kọjá, ibi tó ti ń bá rédíò jiyàn. Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n ń jẹ adìẹ díndín àti búrẹ́dì àgbàdo nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, oníkálukú ń fi èébú tí Clovis bú u yangàn, ẹ̀rín sọ. Sájẹ́ńtì Tate wá bá Noreen, ó ṣí fìlà.

"Nígbà ìwọ́wé lọ́dún tó kọjá, bàbá yín fi ojú sí ìbọn mi," ó ní. "Kò yẹ̀ rárá. Àgbàlagbà bẹ́ẹ̀! Kò tún sẹ́ni tó lè ṣe é bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé yìí."

Noreen rántí ìbọn náà. Ó rántí bí bàbá ẹ̀ ṣe bú u lọ́jọ́ náà pé ọwọ́ ẹ̀ rọ bí ẹ̀kọ, tí Noreen fi fi òòlù gbá àtàǹpàkò ara ẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Ó wo Verna, Verna náà ń wò ó.

"Kò sí mọ́ lóòótọ́, Sájẹ́ńtì," ó ní. "Ọwọ́ Dádì nìkan ló lè ṣe é bẹ́ẹ̀."

Ó wá jáde lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, inú ń bí i sí bàbá ẹ̀ pé ó lọ láìtíì bú òun tó, ó sì sunkún.