Ògiri Àfòpiná Màmá

“Ẹ kọ́kọ́ fi ọkọ́ yẹn ha ẹ̀yìn mi ná!”

Bí ìyá bàbá mi ṣe wí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n jókòó pẹ̀ẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri ẹ̀yìnkùlé wọn. Baálé agboolé wa, àbúrò ọkọ wọn, dúró níwájú wọn pẹ̀lú ọkùnrin méjì tó gbé ọkọ́ dání. Ẹ má bínú pé mi ò fi ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀ Baálé yìí o. Kò sí lọ́kàn mi ni. Ọmọdébìnrin ni mí nígbà náà, mo di etí ìró màmá mú ṣinṣin.

Kí ló wà lára ògiri náà? Ìyẹ́ àfòpiná lásán ni.

Ní abúlé wa, lọ́nà Erunmu, tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, màmá á ta aṣọ funfun sórí okùn nínú ọgbà wọn, láàárín ilá àti ewúro. Wọ́n á da àdín sínú fìtílà amọ̀, wọ́n á gbé e síwájú aṣọ náà. Kẹrosíìnì òyìnbó ti dé ọjà, àmọ́ màmá ní òórùn rẹ̀ ń lé àlejò. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi máa gbọ́ pó, pó, pó àwọn àfòpiná lára aṣọ. Wọ́n á fi igbá kékeré dé èyí tí wọn ò bá rí rí, wọ́n á yọjú wò ó. Èyí tó bá kú sábẹ́ fìtílà, tó bá di àárọ̀, wọ́n á fi àtè lẹ ìyẹ́ rẹ̀ mọ́ ògiri. Oríṣi kan, ìyẹ́ kan. Bí wọ́n ṣe ń ṣe àkọsílẹ̀ nìyẹn, torí wọn ò mọ̀wé.

Wọ́n á tún sọ ọ́ lórúkọ, bí ìyàwó ilé ṣe ń sọ ẹbí ọkọ rẹ̀ lórúkọ kó má baà pe orúkọ àbísọ wọn. Ọ̀kan ń jẹ́ Alágbàdá, òmíràn ń jẹ́ Eyínfúnjowó. Ọ̀kan tún wà tó sanra rọ̀bọ̀tọ̀, tó bá ti bà sórí aṣọ, kò ní lọ mọ́. Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ ni wọ́n sọ ìyẹn. Orúkọ tí màmá fún Baálé gan-an nìyẹn nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọn níyàwó, tí ọkùnrin náà ṣì tínrín. Mo máa ń rẹ́rìn-ín àrínbomilójú.

Nígbà tí bàbá bàbá mi kú, wọ́n ní kí Baálé ṣú màmá lópó. Màmá yarí kanlẹ̀. Láti ìgbà náà ni ojú Baálé ti le sí wọn. Ọmọ kan wá ń ṣàìsàn nínú agboolé, Baálé rí àyè: ó ní àjẹ́ ni màmá ń tanná pè. Kí wọ́n ha ògiri náà, tàbí kí màmá kẹ́rù wọn lọ sílé bàbá wọn. Ilé bàbá wo? Ilé tó ti wó!

“Ìyàwó, dìde níbẹ̀,” Baálé wí. “Orúkọ tí ò ń fún àwọn àjẹ́ yìí, ṣé o rò pé a ò gbọ́ ni?”

“Ẹ gbọ́ kẹ̀. Ẹ̀yin gan-an nìyí.” Màmá nawọ́ kan ìyẹ́ kan lókè orí wọn. “Òpẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó sanra, ibi tí wọn ò sì pè é sí ló ń jókòó sí.”

Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Màmá ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn.

“Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n yín ti kú, ta ló wọ ẹ̀yìnkùlé mi nínú yín? Ta ló bi mí bóyá mo jẹun? Àwọn wọ̀nyí ló ń wá. Ẹni tó ń wá sílé mi ni mo fẹ́ mọ̀. Èmi àti ọkọ mi la mọ ògiri yìí. Ẹ ha èmi náà mọ́ ọn!”

Màmá wá kọjú sí mi. “Lọ tanná wá.”

Oòrùn ò tíì wọ̀. Mo gbé fìtílà jáde, mo tan án níṣojú Baálé. Ẹni tó rẹ́rìn-ín gbé ọkọ́ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó bá tirẹ̀ lọ. Èkejì tẹ̀lé e. Baálé ní, “Wàá rí i!” Òun náà wọlé.

Ara ọmọ tó ń ṣàìsàn yẹn yá o. Kò sẹ́ni tó ní fìtílà màmá ló wò ó sàn.

Nígbà tí màmá kú, a ò tíì ṣe ọjọ́ kẹjọ tí àwọn ará agboolé ti fi ẹrẹ̀ rẹ́ ògiri náà. Inú bí mi, ó ṣì ń bí mi dòní. Mo ti darúgbó báyìí, mo nílé tèmi, mo sì lọ́gbà tèmi. Mò ń ta aṣọ funfun, mò ń tan fìtílà. Ọ̀ọ̀dẹ̀ ni mo lẹ ìyẹ́ tèmi mọ́, níbi tí gbogbo àlejò á ti rí i. Lọ́jọ́ kan, ọkọ ọmọ mi wá, ó ní, “Ẹ jẹ́ ká ha nǹkan wọ̀nyí dànù, màmá. Àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀.”

Mo gbé ọkọ́ lé e lọ́wọ́. Mo wá jókòó pẹ̀ẹ́ sílẹ̀, mo fẹ̀yìn ti ògiri.