Ibùdókọ̀ Rélùwéè Tí Ọlápàdé Kò Tò

Bí ẹ bá bi ọmọ ilé ìwé kan ní Sùúrùlérè léèrè pé ta ni Ọ̀gbẹ́ni Ọlápàdé, á kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn kó tó dá yín lóhùn. Igbákejì ọ̀gá àgbà ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbẹ̀, ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò sì jìnnà mọ́. Bọ́ọ̀lù, káàdì, mọ́tò oníke, kò sí èyí tí kò gbà lọ́wọ́ ọmọ rí. "Ẹni tó bá fẹ́ ṣeré, kó padà sílé ìyá rẹ̀," ohun tó máa ń wí nìyẹn, á sì ti ohun tó gbà mọ́ inú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rù rẹ̀ níbi iṣẹ́, wọ́n bẹ̀rù rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìbẹ̀rù náà sì dùn mọ́ ọn.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ohun tó wu òun fúnra rẹ̀ láyé tó ohun ìṣeré. Àwọn bíríkì oníke kéékèèké yẹn ni mo ń wí, tí wọ́n ń kó sínú páálí láti òkè òkun, tí èèyàn á máa tò lé ara wọn títí wọ́n á fi di ilé, ọkọ̀ tàbí afárá. Ọmọdé ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, ṣùgbọ́n àgbàlagbà ti gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn kan ń kó o jọ bí ìyá àgbà ṣe ń kó aṣọ òfì jọ sínú àpótí.

Nígbà ìsinmi ọ̀sán, tí àwọn olùkọ́ yòókù bá ń jẹun, Ọlápàdé á ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, á ki okùn fóònù bọ etí. Ìwàásù ni wọ́n rò pé ó ń gbọ́. Ìwàásù wo? Àwọn òyìnbó tó ń tú páálí tuntun lójú fóònù ló ń wò. Ó máa ń mọ ohun tó fẹ́ jáde kí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é tó kéde rẹ̀, nítorí àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa jí àwòrán ohun tuntun síta lọ. Ó máa ń mọ èyí tí wọ́n fẹ́ kó kúrò lórí àtẹ, tí wọn ò ní ṣe mọ́, tí gbogbo olùkójọ á wá máa sáré wá kiri. Lọ́dún tí ayé yí sí òdòdó, tí tọkùnrin tobìnrin ń to òdòdó oníke sínú ìkòkò, ó bínú bí ẹni tí wọ́n bú ní bàbá.

"Òdòdó!" ló wí fún Taoheed. "Ṣé òdòdó ti tán nílẹ̀ ni?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ta ohun ìṣeré òkè òkun ní Tẹ̀júoṣó ni Taoheed. Yàtọ̀ sí ìyàwó Ọlápàdé, òun nìkan ló mọ àṣírí yìí ní gbogbo Èkó.

"Ẹ̀gbọ́n, òun ló wà níta báyìí o," Taoheed dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín mú ẹyọ kan, kẹ́ ẹ fún màdáámù."

"Kí ni màdáámù fẹ́ fi òdòdó tí ò lóòórùn ṣe?"

Nílé wọn ní Yábàá, lórí kọ́bọ́ọ̀dù yàrá, ni àwọn páálí tirẹ̀ wà, kò sì tú ọ̀kankan. Èyí tó tóbi jù nínú wọn ni ibùdókọ̀ rélùwéè ayé àtijọ́: ilé alájà méjì, aago lókè gogoro, ọkọ̀ dúdú eléèéfín, òṣìṣẹ́ tó di àsíá mú. Òtò ni wọ́n ti tọ́ Ọlápàdé dàgbà, níbi tí fèrè rélùwéè Ìdó ti ń jí wọn láàárọ̀. Bàbá rẹ̀ bá rélùwéè ṣiṣẹ́ títí ó fi darúgbó, kò sì fìgbà kan mú ọmọ rẹ̀ wọ inú ọkọ̀ náà rí. Ó ní ibi iṣẹ́ kì í ṣe ibi eré. Nígbà tí ìròyìn jáde pé ibùdókọ̀ yìí fẹ́ kúrò lórí àtẹ, ọkàn Ọlápàdé kò balẹ̀ mọ́. Ó bẹ àbúrò ìyàwó rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù pé kó bá òun rà á, ó ní ẹ̀bùn ọmọ tó mọ̀wé jù ni. Irọ́ ti wọ ọ̀rọ̀ náà láti ibẹ̀.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Kò fẹ́ tà á, bí àwọn tó ń pa páálí mọ́ títí á fi wọ́n lọ́jà. Ó fẹ́ tò ó ni. Ó ń lá àlá rẹ̀. Àmọ́ nǹkan náà gba gbogbo tábìlì ìjẹun, ó gba ọ̀pọ̀ ọjọ́, àlejò kì í sì í wọ́n nílé ọmọ ìjọ. Ta ló máa wá wọlé bá igbákejì ọ̀gá àgbà níbi tó ti ń to rélùwéè oníke? Ó ní bí òun bá fẹ̀yìn tì, tí ẹnikẹ́ni ò ka òun sí mọ́, òun á tò ó.

Lydia ìyàwó rẹ̀ kì í bá a jà sí i. Ohun tó wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Ó ní ọkọ ẹlòmíràn, obìnrin ló ń kó jọ.

Ọdún tó kọjá, Lydia yọ̀ ṣubú nílé ìwẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yẹ̀. Àwọn ìyá ìjọ wá kí i, wọ́n sì wọ yàrá lọ bá a, nítorí kò lè jáde sí pálọ̀. Màmá Gertrude ló ṣáájú wọn, arúgbó tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ìkórè, tí ojú rẹ̀ kì í fo nǹkan kan. Kò tíì jókòó tó fi na ọ̀pá sókè orí kọ́bọ́ọ̀dù.

"Kí ni gbogbo èyí? Àbí Jael ti bímọ tí ẹ ò sọ fún wa?"

Jael ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, kò sì tíì relé ọkọ.

"Rárá, mà," Lydia dáhùn. "Bàbá Jael ló—"

Ọlápàdé já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. "Ti ìkórè ni, mà. Mo ń kó wọn jọ díẹ̀díẹ̀ fún àwọn ọmọdé ìjọ."

Ẹnu ẹja ní í pa ẹja. Kò sẹ́ni tó fi ìbọn sí i lórí. Ìtìjú ló gbé ọ̀rọ̀ náà jáde, wéré báyìí, bí ìgbà tí èèyàn sín.

Màmá Gertrude yọ awò ojú rẹ̀, ó nu ojú. "Ẹ ò rí nǹkan! Ọkùnrin tí gbogbo wa ní ó le. Ẹ̀jẹ́ ló jẹ́ fún Olúwa, kò sì sọ fún ẹnì kan." Ó gbàdúrà lé páálí lórí, àwọn ìyá ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ló yọ fóònù, ó ya àwòrán èyí tó tóbi jù, ó sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ìgbìmọ̀ lórí Wásáàpù. "Èyí la máa fi ṣí gbàǹjo básáà ìkórè ọdún yìí," ló wí.

Bí wọ́n ṣe jáde tán ni Lydia yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Jael, ẹ pe Màmá padà. Ẹ ní tiyín ni."

"Kí n wá sọ pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

"Pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀. Ṣé olè ni?"

"Nínú ìjọ tí àwọn ọmọ ilé ìwé mi ti ń jókòó sẹ́yìn mi? Orí ẹ pé ṣá?"

Ó gba Tẹ̀júoṣó lọ. Ète rẹ̀ ni pé kí Taoheed bá òun wá ayédèrú tó jọ ọ́, kóun gbé ìyẹn lọ fún Ọlọ́run. Bẹ́ẹ̀ ni o, Ọlọ́run ni mo wí. Àmọ́ Taoheed kàn mi orí ni.

"Ẹ̀gbọ́n, àwòrán yẹn ti dé ọ̀dọ̀ mi. Àǹtí kan ní ìjọ yín ló fi ránṣẹ́, ó ní kí n bá òun wá irú rẹ̀. Nọ́ńbà ara páálí hàn kedere. Ayédèrú ò lè jọ ọ́ láéláé. Ẹ kúkú sọ òótọ́ fún wọn. Àwọn èèyàn ńláńlá ló ń rà á lọ́wọ́ mi, dókítà, lọ́yà."

"Wọ́n ń jẹ́ kí àwọn èèyàn mọ̀?"

"Wọ́n ń gbé e sí pálọ̀ ni, sà."

Ọlápàdé bínú kúrò níbẹ̀. Ó gbàdúrà kí òjò ba ìkórè jẹ́, ṣùgbọ́n oòrùn ló ràn lọ́jọ́ náà.

Ẹnìkan gbé iṣu, ẹnìkan fa ewúrẹ́, Ọlápàdé sì gbé rélùwéè rẹ̀ sí àyà bí ọmọ tí wọ́n ń gbé lọ ṣe ìsàmì, ó tọ àárín ìjọ lọ sí iwájú pẹpẹ. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Lydia, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti san, jókòó jẹ́ẹ́.

Lábẹ́ kánópì, lẹ́yìn ìsìn, Máyọ̀kún gba gbohùngbohùn. Òun ló máa ń lu gbàǹjo lọ́dọọdún, ó sì lẹ́nu. Ẹnjiníà Akínlabí, tó ní ilé iṣẹ́ ní Ìlúpéjú, ló kọ́kọ́ dá owó lé páálí náà, nítorí àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ń fà á láṣọ. Ọlápàdé nawọ́. Ẹnjiníà fi kún un. Ọlápàdé tún nawọ́.

"Ẹ dúró ná!" Máyọ̀kún kígbe. "Bàbá tó gbé nǹkan wá fún Olúwa ló tún ń rà á! Ọ̀gá, ẹ má bínú sí mi o, ṣé ẹ fẹ́ lọ fi ṣeré ni?"

Ẹ̀rín bú. Àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ló rín jù. Ẹ̀rín yẹn kò ní ìkà nínú. Ẹni tó bá mọ ìjọ wọn mọ̀ pé bó bá dìde tó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, eré ni mo fẹ́ fi í ṣe," wọn ì bá rín kún un, wọn ì bá sì gbé e fún un. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnu rẹ̀ tilẹ̀ là.

"Rárá o," ló wí. "Mo kàn fẹ́ kí owó ìjọ pọ̀ sí i ni."

Àtẹ́wọ́ tún sọ. Ẹnjiníà fi kún owó náà lẹ́ẹ̀kan sí i, Máyọ̀kún lu tábìlì, ó parí.

Eyín ni àwọn ọmọ ọmọ Ẹnjiníà fi ya páálí. Bíríkì dà sórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ó dà mọ́ ìrẹsì àti ìdérí ìgò. Obìnrin kan fi gìgísẹ̀ bàtà tẹ aago gogoro, ó ní kí wọ́n gbá ìdọ̀tí yìí kúrò. Ìwé tó kọ́ni bí wọ́n ṣe ń tò ó, èyí tí Ọlápàdé ti ń wò lójú fóònù títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n sórí, wọ́n ti fi tẹ́ ìdí jókòó. Ó dúró síbẹ̀, ó ń dá àwọn tó ń kí i lóhùn. Inú rẹ̀ bàjẹ́ débi pé ó fẹ́ gbá ọmọ ọlọ́mọ létí, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Nílé, kò lè jẹun. Lydia jókòó síwájú rẹ̀.

"Mo ń dúró dè yín, Bàbá Jael. Nígbà tí Máyọ̀kún bi yín yẹn, mo ti dìde dúró. Bí ẹ bá ti jẹ́wọ́, èmi ni ǹ bá lọ gba páálí yẹn lọ́wọ́ rẹ̀."

"Àgbàlagbà bíi tèmi?"

"Àgbàlagbà tó lè purọ́ níwájú pẹpẹ, ṣé eré ló máa wá bà á lórúkọ jẹ́?"

Ẹnu ìyẹn ni wọ́n wà tí fóònù fi dún. Màmá Gertrude ni, ohùn rẹ̀ sì kún gbogbo yàrá.

"Ọlápàdé, ọmọ mi, a ti fi ọ́ ṣe Bàbá Ìsàlẹ̀ fún ẹgbẹ́ ọmọdé. Wọ́n ti ń béèrè àwọn páálí tó kù fún Kérésì. Ṣùgbọ́n mo rí ojú ẹ lónìí, ojú ẹ ò dáa. Bí o bá ní ohun tí o fẹ́ fi wọ́n ṣe, sọ fún mi. Kò sẹ́ni tó máa bínú."

Ọlápàdé wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń wò ó lẹ́nu.

"Rárá, mà," ló wí, ó sì fi ẹ̀rín kún un. "Kí ni màá fi wọ́n ṣe?"

Lydia dìde. Ó lọ gbé àpótí ìgùnkè tí wọ́n fi ń dé orí kọ́bọ́ọ̀dù wá láti ilé ìdáná, ó gbé e síwájú ọkọ rẹ̀, ó sì lọ fọ abọ́.