Ẹ Kà Á Láti Ìparí Wá

Bàbá mi ló máa ń ka ẹ̀kọ́ kìíní ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ayétòrò. Bó bá ti ń kà á, ọmọ tó ń sunkún á dákẹ́, èmi náà á sì na ọrùn bí ẹni pé èmi ni mo ń kàwé. Bí ẹ bá ní ìgbéraga ni, ẹ ò parọ́.

Ní Kétu, lẹ́yìn bọ́dà, ló ti ra awò ojú rẹ̀. Lọ́dún tí ìjọba ti bọ́dà pa, awò náà fọ́. Ó ní ojú òun ti yá, a sì gbà á gbọ́. Ohun tí mo kàn ṣàkíyèsí ni pé lọ́sàn-án Sátidé, òun àti Màmá a máa tilẹ̀kùn mọ́rí. Mo ṣe bí àdúrà ni wọ́n ń gbà.

Nígbà tó wá ń kọlu àga, mo fipá mú un lọ sí ilé ìwòsàn wa, níbi tí dókítà ojú ti máa ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ láti Abẹ́òkúta lórí fóònù tí nọ́ọ̀sì gbé dání. Pátákó lẹ́tà wà lára ògiri. Àwọn tó ṣáájú wa kà á. Nígbà tó kan Bàbá, ó kà á geere títí dé ìsàlẹ̀. Mo wo ojú àwọn èèyàn bóyá wọ́n gbọ́.

“Ẹ ṣeun, Bàbá,” ni dókítà wí. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á láti ìparí wá.”

“Dókítà, ta ló ń kàwé láti ìparí?”

“Ẹ ṣáà bá mi kà á, sà.”

Bàbá rẹ ohùn sílẹ̀. Mi ò gbọ́ ohùn kékeré bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. “Mi ò rí i. Ẹnu àwọn tó ṣáájú ni mo ti gbọ́ ọ. Ti ṣọ́ọ̀ṣì náà, ìyàwó mi ló ń kà á sí mi létí, tí mo fi ń há a sórí. Bí wọ́n bá mọ̀, wọn á gbà á lọ́wọ́ mi.”

Àánú rẹ̀ ṣe mí, omi lé sí mi lójú. Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá, ọpọlọ yín mú ju tèmi lọ. Ojú nìkan ló kù ká tọ́jú.” Nọ́ọ̀sì ya àwòrán inú ojú rẹ̀ ránṣẹ́, ó sì fi oríṣiríṣi dígí dán an wò.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, awò tuntun dé, a lọ gbà á. Dókítà tún wà lórí fóònù. Nọ́ọ̀sì mú ìwé ìbéèrè kan jáde: “Bàbá, a fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ wa tẹ́ yín lọ́rùn. Màá máa kà á, ẹ máa dáhùn.”

Bàbá gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọjú sí fóònù. “Dókítà, ẹ tẹ́tí.”

Ìbéèrè tó kẹ́yìn ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń kà á lọ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ohùn ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ọmọ kan tó ń sunkún lẹ́yìn ìyá rẹ̀ sì dákẹ́.