Ìgbálẹ̀ Ẹnu Ọ̀nà Màmá Saimi

Ní abúlé wa, ẹni tó bá ń jáde lọ kì í wá kọ́kọ́rọ́. Ìgbálẹ̀ ló máa fi ti ara ilẹ̀kùn níta, yóò sì máa lọ. Bí ìgbálẹ̀ bá ti fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, kò sí ẹni nílé nìyẹn. Ẹni tó wá kí onílé á yí padà láti ojú ọ̀nà. Kò ní kanlẹ̀kùn, kò sì ní yọjú lójú fèrèsé. Ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn mọ̀ ọ́n. Bí olè bá wà láàárín wa, mo rò pé òun náà yóò tijú.

Nígbà tí Màmá Saimi, aládùúgbò wa ní òdìkejì ọ̀nà, ń lọ sí erékùṣù kan ní ilẹ̀ Sípéènì lẹ́yìn Kérésìmesì, wọ́n gbá àtẹ̀gùn iwájú ilé wọn, wọ́n fi ìgbálẹ̀ náà ti ilẹ̀kùn, wọ́n gbé Rusina, ológbò wọn, fún mi nínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n sì wọ ọkọ̀ Vuokko, ọmọ wọn obìnrin. Wọn ò bojú wẹ̀yìn. Màmá mi ní ẹ̀rù ló ń bà wọ́n.

Ọ̀rọ̀ yẹn yà mí lẹ́nu, torí Màmá Saimi kì í ṣe ẹni tí ọ̀nà ń dẹ́rù bà. Àwọn ló wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé abúlé wa láti ìgbà tí màmá mi wà ní ọmọ kékeré títí di ọdún tí èmi náà bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Nínú yìnyín, nínú òkùnkùn òwúrọ̀, lórí ọ̀nà tó ń yọ̀ bí awọ ẹja, wọ́n ń wà á. Bí wọ́n bá gbé ọmọ délé lọ́sàn-án, wọn ò ní ṣí bọ́ọ̀sì kúrò títí iná yóò fi tàn nínú ilé ọmọ náà. "Iná kọ́kọ́," wọ́n á ní, "ìrìn lẹ́yìn." Wọn kì í bá mi wí pé mi ò sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan tí àwọn tó kù ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n wo ẹ̀yìn nínú dígí, wọ́n ní: "Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹnu tó dákẹ́, etí rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́."

Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀nà tí wọ́n wà yẹn, láti abúlé dé ilé ìwé ni. Wọn ò tíì rin ìrìn ìsinmi kankan rí. Bàbá Onni, ọkọ wọn, ń kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì máa ń sọ pé ẹni tó bá ní adágún lẹ́yìn ilé rẹ̀, kí ló tún fẹ́ lọ wò? Bàbá Onni kú nígbà tí ewé ń já bọ́. Ìgbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, Vuokko dé láti Turku, ìlú ńlá tó ń gbé, ó ní màmá òun gbọ́dọ̀ lọ yá oòrùn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní erékùṣù yẹn, èmi ò mọ̀ ọ́n nígbà náà, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ fún mi. Vuokko bi wọ́n lábẹ́ agbòòrùn létí òkun bóyá wọ́n lè ta ilé wọn, kí wọ́n wá máa gbé ní yàrá méjì nínú ilé onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ó ní ìgbà òtútù abúlé ti pọ̀ jù fún ẹnì kan ṣoṣo. Màmá Saimi ò sọ bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò sì sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n ní, "Jẹ́ kí n délé ná." Wọ́n wá fi àdéhùn sí Sunday tó máa tẹ̀ lé ìpadàbọ̀ wọn, pé Vuokko yóò pè láti gbọ́ èsì.

Takisí ló gbé wọn wálé láti ibùdókọ̀ ojú irin. Yìnyín orí òrùlé ti ya lulẹ̀, ó ti bo àtẹ̀gùn iwájú, nítorí náà awakọ̀ yí gba ẹ̀gbẹ́ ilé, ó já ẹrù wọn sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, tó kọjú sí adágún. Nígbà òtútù, yàrá iwájú la máa ń tì kí ooru má bàa tàn káàkiri. Inú ilé ìdáná la ń gbé. Láti ọjọ́ yẹn, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni Màmá Saimi ń gbà wọlé, òun ni wọ́n ń gbà jáde. Ìgbálẹ̀ iwájú dúró síbi tó wà. Wọ́n ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá.

Àwa rí èéfín. Tẹ́lẹ̀, Taneli, ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá Onni, ló ń wá dáná kí omi má bàa dì nínú páìpù, ṣùgbọ́n Taneli ti lọ sí oko gẹdú. Èéfín ta wá nìyí? Ọ̀rọ̀ yìí gbòde ní ṣọ́ọ̀bù Terttu.

Terttu sọ pé òun fojú ara òun rí takisí. Bàbá Reino, tó máa ń wá ra tábà, tó sì máa ń gbàgbé láti lọ, ní oòrùn ti sun Saimi dúdú, ó ń dúró kí ara rẹ̀ funfun padà kó tó yọjú sí wa.

"Ẹ̀yin náà, ẹ lọ sùn sínú oòrùn, ká wo àwọ̀ tẹ́ẹ máa mú bọ̀," ni Terttu ní. "Ó lè jẹ́ ọkọ ará Sípéènì ló gbé wálé."

"Ọkọ ará Sípéènì wo ló máa lè la igi?" ni Bàbá Reino dáhùn. "Mo máa gbọ́ ìró àáké bó bá wà níbẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò pẹ́. Màmá mi ní ìgbálẹ̀ ni ìgbálẹ̀. Saimi ò tíì jókòó sunkún ọkọ rẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti sin ín. Bóyá ó fẹ́ dá wà ni. Gbogbo wọn gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹnì kan béèrè pé ṣé a ò lè pè é lórí fóònù, Terttu ní kí ni ìyàtọ̀ láàárín ká kan ilẹ̀kùn tí ìgbálẹ̀ wà àti ká pe fóònù tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn.

Èmi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ẹja, mò ń gbọ́. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú wọn. Kí ni èèyàn ń ṣe nínú ilé tó tutù, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú oòrùn bọ̀? Ibo ló ń gbé ooru tó mú bọ̀ sí? Mo máa ń jókòó lójú fèrèsé wa, Rusina á jókòó tì mí, àwa méjèèjì á máa wo òdìkejì ọ̀nà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èéfín náà tín-ín-rín, ó sì tètè dá. Ó tún yọ, ó tún dá. A kì í dá iná ńlá sínú ààrò tó ti tutù, kí bíríkì rẹ̀ má bàa sán. Díẹ̀díẹ̀ la fi ń bẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́ kejì èéfín ti nípọn díẹ̀. Nígbà tó yá, ó dúró ṣánṣán lójú ọ̀run bí igi. Mo sọ fún màmá mi pé ẹni tó ń tọ́jú ààrò báyìí kì í ṣe ẹni tó ń sunkún. Mo bèèrè bóyá kí n gbé Rusina lọ fún wọn.

"Ìgbálẹ̀ ńkọ́?" ni màmá mi ní.

Mo padà lọ jókòó ti Rusina.

Nínú ilé yẹn, bí mo ṣe wá gbọ́ lẹ́yìn náà, Màmá Saimi tún ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbélé. Aago ara ògiri ti kú. Wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, wọ́n jí i. Ìwúkàrà búrẹ́dì dúdú ti gbẹ mọ́ ara agbada onígi; wọ́n da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, wọ́n bò ó, wọ́n ń tẹ́tí sí i bóyá yóò hó. Láàárọ̀, ẹsẹ̀ wọn á ṣì máa wá sálúbàtà lábẹ́ ibùsùn. Imú wọn tí oòrùn jó ń bó. Nígbà tó bá di àkókò kọfí lọ́sàn-án, wọ́n á gbé ife méjì sílẹ̀, wọ́n á gé búrẹ́dì oníṣúgà tí wọ́n ṣe, wọ́n á sì dúró. Ní abúlé wa, bí ẹnì kan bá ti ìrìnàjò dé, wọn kì í jẹ́ kó tú ẹrù tán kí ilé tó kún. Ẹnikẹ́ni ò wá. Búrẹ́dì le, wọ́n yan án gbẹ. Wọ́n tún ṣe òmíràn.

Wọ́n ro ti Rusina náà. Wọ́n rò pé bóyá mo ti fẹ́ràn rẹ̀ jù, mi ò fẹ́ dá a padà, tàbí pé ó ti kú, mi ò sì rẹ́nu sọ ọ́. Wọn ò pè. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ fi ẹnu àwọn fa ohun tí etí àwọn ò fẹ́ gbọ́. Nígbà tó fi máa di Saturday, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé ìròyìn wé àwọn ife àlejò, ní ìmúrasílẹ̀ fún Turku.

Lọ́jọ́ Sunday, màmá mi gbé rọ́ọ̀gì jáde kó lọ nà án nínú yìnyín. Rusina gba abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde. Mo wọ bàtà láìso okùn rẹ̀, mo sáré tẹ̀ lé e.

Ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ sọdá ọ̀nà, ó wọ ẹnu géètì, ó yẹ òkìtì yìnyín iwájú sílẹ̀, ó yà sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Èmi dúró sí géètì. Ìgbálẹ̀ ń wò mí. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n kọjá, mo sì mọ̀ pé ohun olóhun ló wà lọ́wọ́ mi. Mo kọjá.

Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn ilé, mo rí ọ̀nà tí bàtà kan ṣoṣo tẹ̀ nínú yìnyín: ó lọ sí ibi igi ìdáná, ó lọ sí ilé ìwẹ̀ olóoru, ó lọ sí ojú ihò omi lórí adágún tó ti dì, gbogbo rẹ̀ padà sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Kò sí ọ̀kankan tó lọ sí iwájú. Mo ń wò ó kí n tó rí eérú. Ẹnì kan ti fọ́n eérú sórí ilẹ̀ tó ń yọ̀, láti ibi tí ọkọ̀ ti máa ń dúró títí dé ẹnu àtẹ̀gùn ilé ìdáná, kí ẹni tó bá ń bọ̀ má bàa ṣubú. Ó fọ́n ọn dáadáa, ó fẹ̀ tó ẹni méjì tó ń rìn papọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dá wà, ẹsẹ̀ ta ló ń fọ́n eérú dè?

Ilẹ̀kùn ṣí. Màmá Saimi dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ onírun, oòrùn ti mú ojú wọn pọ́n bí ìkòkò amọ̀, Rusina sì ti wà láyà wọn.

"Ó yè," wọ́n ní.

"Ó yè, Mà. Ó tilẹ̀ sanra."

Wọ́n ń fọwọ́ pa á lórí, wọn ò wò mí. "Kí ni mo ṣe fún yín," wọ́n ní, "tẹ́ ò fi wá kí mi?"

Mo ní, "Ìgbálẹ̀ yín ni, Mà."

"Ìgbálẹ̀ wo?"

"Tẹnu ọ̀nà iwájú. Ó ṣì wà níbẹ̀."

Wọ́n gbé ológbò sílẹ̀, wọ́n ṣí yàrá iwájú, a la inú òtútù rẹ̀ kọjá. Ilẹ̀kùn ti dì mọ́ férémù. Àwa méjèèjì fi èjìká tì í. Ó ṣí ní ìwọ̀n ọwọ́ kan, a sì gbọ́ tí nǹkan kan ṣubú sínú yìnyín. Màmá Saimi na ọwọ́ síta, wọ́n fà á wọlé. Wọ́n di ìgbálẹ̀ náà mú bí ẹni tó di ọmọ ọlọ́mọ mú. Mo kọ́kọ́ rò pé ikọ́ ni wọ́n ń wú. Ẹ̀rín ni.

"Mo sọ fún gbogbo abúlé pé mi ò sí nílé," wọ́n ní, "mo wá jókòó sínú ilé, mò ń bínú pé wọn ò wá."

A mú ṣọ́bìrì, a bẹ̀rẹ̀ sí í kó yìnyín kúrò lórí àtẹ̀gùn. A ò tíì kó o dé ìdajì tí màmá mi fi yọ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀. Ó ti rí i láti ilé wa pé ìgbálẹ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́. Terttu tẹ̀ lé e. Bàbá Reino dé, ó ní òun kàn ń kọjá ni, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà yẹn ò lọ síbì kankan.

"Ọkọ ará Sípéènì dà?" ló bi wọ́n.

"Ó wà lábẹ́ ibùsùn," ni Màmá Saimi dáhùn, "òtútù ń pa á. Wọlé wá bá a la igi."

Wọ́n ní kí n gbé ife sílẹ̀. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo bá gbogbo ife nínú ìwé ìròyìn. Mo yíjú wò wọ́n. Wọ́n sún mọ́ mi, wọ́n sì sọ gbogbo rẹ̀ fún mi ní ohùn kékeré, ti agbòòrùn, ti Turku, ti Vuokko tó máa pè lónìí. Mo ń tú ife kọ̀ọ̀kan, mo ń gbọ́.

Fóònù dún nígbà tí kọfí wà nínú ife.

"Vuokko," ni Màmá Saimi ní, "níbi tó o fẹ́ kí n wá máa gbé yẹn, bí èèyàn bá jáde, kí ni wọ́n ń fi sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀?"

A gbọ́ ohùn Vuokko látibi tá a jókòó sí. "Kò sí nǹkan kan, Màmá. Wọ́n ń tì í ni."

"Bó bá wá padà dé ńkọ́? Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀?"

Vuokko bèèrè ariwo ta lòun ń gbọ́ yẹn.

"Ariwo eyín Reino ni. Ó ń jẹ mí nílé run." Màmá Saimi yí sí fèrèsé, ohùn wọn rọ̀. "Ìwọ ni kó o wá, ọmọ mi. Kó o wá nígbà tí adágún bá yọ́. Màá wà nílé."

Nígbà tí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, kò sí ẹni tó bi wọ́n ní nǹkan kan nípa rẹ̀. Bàbá Reino ló bèèrè bí erékùṣù yẹn ṣe rí. Màmá Saimi ronú. Wọ́n ní ó dára, ó móoru, àwọn obìnrin ibẹ̀ sì máa ń gbá àtẹ̀gùn wọn láràárọ̀ bíi tiwa, àmọ́ iyanrìn ni wọ́n ń gbá. Wọ́n ní àwọn máa ń jí wò wọ́n lójoojúmọ́, kò sì sú àwọn.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí mo jáde, ṣáájú màmá mi. Rusina ò tẹ̀ lé mi, mi ò sì retí pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gba àtẹ̀gùn iwájú sọ̀kalẹ̀, mo sọdá ọ̀nà. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, iná ti wà nínú yàrá iwájú tí a máa ń tì nígbà òtútù, Màmá Saimi sì dúró lójú fèrèsé rẹ̀, wọn ò juwọ́, wọn ò ṣí kúrò. Mo mọ ohun tí wọ́n ń dúró dè. Mo sáré wọlé, mo tan iná.