Ìdáhùn Bàbá Ẹ̀bùn ní Ilé Ìlagi Ore

Jeremáyà Àjàgbé Akínwándé ti lọ. Àjàgbé, ọmọ agé-ìrókò tí kì í jẹ́ kó wó lu ẹnìkejì. Àjàgbé, ọmọ agégẹdú tí í wo ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó tó gbé àáké sókè. Ọkọ Dẹ́bórà, baba Ẹ̀bùn, baba Tèmítọ́pẹ́, akọ̀wé tí í kọ orúkọ ẹni tó wá sípàdé, tí í sì í kọ ti ẹni tí kò wá. Akin tó dúró láàárín àwọn tó ń bínú, tí ohùn rẹ̀ ò gòkè. Sùn ún re, ẹ̀gbọ́n mi.

Èmi Làsísì ni mò ń kọ èyí. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ojú mi ò sì ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n mo rántí orúkọ. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀ nígbà tí òmìnira ò tíì pẹ́ lọ́wọ́ wa, tí Ìwọ̀-Oòrùn ṣì ní ìjọba tirẹ̀ ní Ìbàdàn, lọ́dún ìdìbò tó kẹ́yìn kí àwọn ṣọ́jà tó dé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ore lónìí, tí ọkọ̀ Èkó àti ti Bìní ń gba ibẹ̀ kọjá tọ̀sán-tòru, kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ilé ìlagi ni, gẹdú lórí gẹdú, ibùdókọ̀ kékeré kan, àti oko kòkó tó lọ títí dé Odígbó. Iṣẹ́ gẹdú ni Bàbá Ẹ̀bùn ń ṣe, òun sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣèlú wa. Mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà. Ẹni tó mọ̀ ti mọ̀; ẹni tí kò mọ̀, kó bi bàbá rẹ̀. Èmi ń kó pákó nílé ìlagi náà, mi ò tíì fẹ́yàwó.

Bí ọkùnrin yìí ṣe ń dáhùn ìbéèrè ló mú mi kọ̀wé. Àwọn olóṣèlú tí a mọ̀, bí ẹ bá bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọ̀tún, ti òsì ni wọ́n á dáhùn. Bàbá Ẹ̀bùn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá bi í ní nǹkan ní gbangba, yóò kọ́kọ́ tún ìbéèrè náà sọ sókè, tòun ti èébú inú rẹ̀, kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè gbọ́. Yóò wá ní, "Ṣé bí ẹ ṣe bi í nìyẹn?" Ó di ìgbà tí ẹni náà bá gbà kó tó sọ ọ̀kan nínú mẹ́ta: bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, tàbí mi ò mọ̀. Àlàyé ló ń kẹ́yìn.

Nígbà ìpolongo, ní Odígbó, Ìyá Bọ́sẹ̀ tó ń ta gàrí dìde. Ẹnu obìnrin náà mú bí abẹ.

"Jeremáyà, kí òmìnira tó dé lẹ ti ní ẹ̀rọ omi ń bọ̀. Odò náà la ṣì ń pọn. Ṣé ẹ̀yin olè yìí ò ní tijú ni?"

Àwọn èèyàn hó yèè. Bàbá Ẹ̀bùn gbọ́wọ́ sókè.

"Ẹ jẹ́ ká gbọ́. Ìyá Bọ́sẹ̀ ní kí òmìnira tó dé la ti ní ẹ̀rọ omi ń bọ̀, odò náà ni wọ́n ṣì ń pọn, wọ́n sì ní ṣé àwa olè ò ní tijú ni. Ìyá, ṣé bí ẹ ṣe bi í nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni. Má yọ olè kúrò níbẹ̀ o!"

"Mi ò yọ ọ́, mà. Bẹ́ẹ̀ ni, a ṣèlérí, a ò ṣe é. Ìgbà tí yóò dé, mi ò mọ̀. Mo ti kọ̀wé sí ìjọba ní Ìbàdàn, ẹ̀dà ìwé náà wà nílé mi, ẹ wá wò ó bó bá wù yín. Ní ti olè, mi ò jalè, mà, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí."

Ìyá Bọ́sẹ̀ wò ó títí. "Ó dáa, jókòó. Ṣó o tiẹ̀ ti jẹun?"

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ tútù ló ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ líle ló ń yọ ọfà lápó. Ọjọ́ náà ni mo rí i pé òótọ́ gan-an ṣeé fi ohùn tútù sọ.

Ọjọ́ ìdìbò dé. Ní Àgọ́ Aláyè, Ìsíkíẹ́lì ni aṣojú ẹgbẹ́ wa tó jókòó ti àpótí ìbò látàárọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n wá pè é pé ìyàwó rẹ̀ ń rọbí. Bàbá Ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí i pé kó máa lọ, òun yóò fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Èmi ló rán. "Má jà, má sì bú àgbà," ló sọ fún mi. "Bá àpótí náà lọ títí dé ibi tí wọ́n ti máa kà á." Kí n tó fi kẹ̀kẹ́ débẹ̀, Ìsíkíẹ́lì ti lọ, àwọn tó dìbò náà ti padà sóko, torí àsìkò kòkó ni; kò sẹ́ni wa tó rí mi níbẹ̀.

Kí ẹ tó ka ìyókù, ẹ mọ̀ pé èmi ni mo sọ àpótí náà nù.

Wọ́n gbé e sínú lọ́rì. Bàbá arúgbó kan, ará ìlú mìíràn, tó ń bójú tó ìdìbò, jókòó níwájú pẹ̀lú awakọ̀. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, orúkọ tirẹ̀ àti ti awakọ̀ rẹ̀ nìkan ni mi ò mọ̀. Èmi àti Dáníẹ́lì, aṣojú ẹgbẹ́ kejì, wà lẹ́yìn pẹ̀lú àpótí. Ó kù díẹ̀ ká dé Ore, lọ́rì kú. Bàbá náà sọ̀kalẹ̀, ó fọwọ́ di ìbàdí mú.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ dákun, ẹ bá wa tì í. Ìbàdí yìí ni kò jẹ́, èmi náà ì bá tì í."

Dáníẹ́lì ní orúnkún ń dun òun. Mo wò ó bí ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé. Mo bọ́ bàtà mi sínú ọkọ̀ kí ẹrẹ̀ má bà á jẹ́, mo bẹ́ sílẹ̀, mo fi èjìká tì í. Bàbá náà ti padà sí àyè rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì dáhùn, lọ́rì gbéra. Mo sáré tẹ̀lé e, mò ń pariwo pé, "Ẹ dúró! Ẹ ti gbàgbé mi o!" Mo rò pé wọ́n gbàgbé mi lóòótọ́ ni. Ìgbà tí Dáníẹ́lì ju bàtà mi sílẹ̀ láti ẹ̀yìn ọkọ̀, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, ni mo tó mọ̀.

Bàbá Ẹ̀bùn wà nílé ìlagi. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ọ́ bó ṣe rí.

"Ṣé o gba nǹkan lọ́wọ́ wọn?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n. Mo fi Kùránì búra."

"Kí ló dé tó o fi sọ̀kalẹ̀?"

"Àgbà ló bẹ̀ mí."

Ó bu omi mu. "Èmi náà ì bá sọ̀kalẹ̀," ló wí.

Nígbà tí èsì jáde, rédíò ní ẹgbẹ́ kejì ló wọlé, àní ní Àgọ́ Aláyè níbi tí a ti mọ ilé kọ̀ọ̀kan àti ọkàn onílé. Ní àwọn ìlú mìíràn, wọ́n ti ń da bẹntiróò lé ènìyàn lórí, wọ́n ń ṣáná sí i. Kí oòrùn tó kanrí, èrò ti kún ilé ìlagi. Fọlọ́runṣọ́, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń kó pákó, gbé gálọ́ọ̀nù bẹntiróò dání. Ìsíkíẹ́lì ni wọ́n mú sáàárín, wọ́n ti fa aṣọ rẹ̀ ya.

"Mi ò sí nínú lọ́rì! Ìyàwó mi ló ń bímọ! Wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò mi!"

"Ta ni ẹlòmíràn?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n!"

"Irọ́ lò ń pa!"

Mo wà níbẹ̀, mo fara ti ìtì gẹdú kan. Mi ò ní tàn yín: mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹnu mi ò là.

Bàbá Ẹ̀bùn gun orí ìtì. Fọlọ́runṣọ́ kọjú sí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹyọ kan ni mo fẹ́ bi yín. Ta ló ta ìbò wa? Ẹ dárúkọ rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ a mọ̀ pé ẹ jọ tà á ni."

"Fọlọ́runṣọ́ ní ta ló ta ìbò wa. Ó ní kí n dárúkọ rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ mọ̀ pé a jọ tà á ni. Ṣé bó o ṣe bi í nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni!"

"Ẹ kọ́kọ́ fi Ìsíkíẹ́lì sílẹ̀. Kò sí nínú lọ́rì. Ẹni tí kò bá gbà, kó lọ gbọ́ igbe ọmọ tuntun nílé rẹ̀." Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ọwọ́ sì dẹ̀ lára Ìsíkíẹ́lì. "Ní ti ẹni tó tà á, mi ò rí ẹni tó tà á nínú wa. Wọ́n tan ẹni tó wà nídìí àpótí sọ̀kalẹ̀ pé kó wá ti mọ́tò, wọ́n sì gbé àpótí lọ."

"Ta ni ẹni náà?"

Ibẹ̀ ni mo ti rò pé yóò purọ́. Bó bá ní òun ò mọ̀, gbogbo wọn ì bá gbà á gbọ́, torí kò purọ́ fún wa rí.

"Mo mọ̀ ọ́n," ló wí. "Èmi ni mo rán an."

Ariwo sọ. Àáfà Bùràímọ̀, àgbà ibùdókọ̀, fi ọ̀pá lu gẹdú kí wọ́n tó dákẹ́.

"Jeremáyà, ṣé wàá dárúkọ rẹ̀?"

"Rárá, Àáfà."

"Kí ló dé?"

"Gálọ́ọ̀nù ọwọ́ Fọlọ́runṣọ́ ni, sà. Lọ́jọ́ tí ìbínú bá rọ̀, tí ẹ bá jókòó gbọ́ ẹjọ́, èmi fúnra mi máa bẹ̀ ẹ́ kó wá rojọ́ níwájú yín. Lónìí, iná lẹ fẹ́ rí. Ẹ̀bi rẹ̀ ò sì ju tèmi lọ. Mo ní kó má bú àgbà. Mi ò sọ fún un pé kó má sọ̀kalẹ̀ bí àgbà bá bẹ̀ ẹ́. Bó bá di dandan kẹ́ ẹ da epo yẹn lé ẹnìkan lórí, èmi nìyí."

Omi bọ́ lójú Fọlọ́runṣọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò bá kúkú purọ́ fún wa!"

"Bí mo bá purọ́ fún yín, Fọlọ́runṣọ́, kí ni mo fi yàtọ̀ sí rédíò?"

Ìyá Bọ́sẹ̀ ló la èrò já, ló já gálọ́ọ̀nù gbà. "Gbé e wá ńbí jàre! Ẹni tí kò ní kẹrosíìnì nílé, tó ń gbé bẹntiróò káàkiri."

Kò sẹ́ni tó kú ní Ore lọ́jọ́ náà. Ohun tí a jèrè nìyẹn, kò sì kéré. Ìbò wa ò padà. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ẹgbẹ́ gba iṣẹ́ akọ̀wé lọ́wọ́ Bàbá Ẹ̀bùn. Wọ́n ní ó ń fi ọ̀dàlẹ̀ pamọ́. Ó kó ìwé lé wọn lọ́wọ́, ó sì ń wá sípàdé, ó ń jókòó lẹ́yìn. Àwọn kan ò kí i mọ́ títí wọ́n fi kú. Dẹ́bórà sọ fún mi pé ní ilé àdúrà wọn pàápàá, bí ọkọ òun bá jókòó, àwọn kan á sún kúrò lórí bẹ́ǹṣì.

Ìbínú rọ̀. Ṣọ́jà dé, òṣèlú dáwọ́ dúró. Mo lọ bá a nílé.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n wá rojọ́?"

"Mo ṣèlérí fún wọn pé màá bẹ̀ ọ́. Mo bẹ̀ ọ́, Làsísì."

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì tún un sọ títí ó fi kú. Mo ní tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ di ọdún, ọdún di ewú orí. Mo fẹ́yàwó, mo bímọ, mo di alága níbùdókọ̀, mò ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n máa sọ òótọ́. Nínú gbogbo ohun tí Bàbá Ẹ̀bùn sọ fún èèyàn ní gbangba, ẹjọ́ tó ní ẹ ó gbọ́ yẹn nìkan ni ẹ ò gbọ́, èmi ni mi ò sì jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin ọmọ Ore, ẹ̀yin ọmọ Odígbó, orúkọ tí Fọlọ́runṣọ́ bèèrè ni Làsísì. Fọlọ́runṣọ́ ti kú. Àáfà Bùràímọ̀ ti kú. Ìyá Bọ́sẹ̀ ti kú. Ìsíkíẹ́lì ṣì wà ní Àgọ́ Aláyè, òun ni mo kọ́kọ́ ka ìwé yìí fún. Ó tẹ́tí sí i dópin, ó nu ojú rẹ̀.

"Ó yẹ kó o kà á nígbà tí Bàbá Ẹ̀bùn náà ṣì lè gbọ́," ló wí.

A sin Jeremáyà Àjàgbé Akínwándé ní ọjọ́ Sátidé, ní Odígbó, lẹ́yìn ilé rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dẹ́bórà.